Ọwọ́ Òsì Màmá Píánò

Níbi ìsìnkú ìyá bàbá mi, èèyàn méjì ló dìde sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni, pé kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè rí. Ẹnì kejì ní akọni ni, pé ọkàn ọkùnrin ló wà nínú rẹ̀. Ìjọ ṣe àmín sí méjèèjì. Mo jókòó sí ìlà kejì, mo ń yẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì wò, n kò sì rí èyí tí mo lè fọwọ́ sí. Mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè. Mo sì ti rí i níbi tí ẹ̀rù ti ń bà á. Ìwọ̀nba ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo fẹ́ kọ síbí. Èyí tí mo bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, màá sọ pé mo gbọ́ ọ ni.

Màmá Píánò ni gbogbo àdúgbò wa ní Kabala Costain, ní Kàdúná, ń pè é. Ó ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin nílé ẹ̀kọ́ kan ní Doka títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó sì ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀dọ̀ bàbá mi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, ló ń gbé. Èmi ni àkọ́bí bàbá mi. Àṣàkẹ́ ló ń pè mí, òun nìkan ló sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù ń pe orúkọ tó wà nínú ìwé.

Bí píánò náà ṣe dé ilé, bàbá mi ló sọ ọ́. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Makera ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fi píánò sílẹ̀ fún Màmá nítorí pé ó ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn Hausa mẹ́fà ló fi ọmọlanke gbé e. Wọ́n da aṣọ funfun bò ó nítorí eruku, ọ̀kan nínú wọn sì bi Màmá pé, "Mama, gawar wa ke nan?" Òkú ta nìyí? Màmá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlanke, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́. Bàbá mi ní nígbà tí wọ́n délé, ó ṣí i, ó tẹ eyín píánò kan ṣoṣo, ọkùnrin náà sì fò sẹ́yìn. N kò gba ti fífò yẹn gbọ́ pátápátá, nítorí bàbá mi fẹ́ràn kí ìtàn pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èsì tí Màmá fún un, mo gbà á gbọ́, torí èmi náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó dàgbà: "Ba gawa ba ce. Tana magana." Kì í ṣe òkú. Ó ń sọ̀rọ̀.

Ọyẹ́ Kàdúná kì í ṣe ọ̀rẹ́ igi. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ètè á là, gìgísẹ̀ á là, pákó inú píánò náà á fẹ́ là. Nítorí náà, lọ́dọọdún, Màmá máa ń ṣí ìsàlẹ̀ píánò, á gbé abọ́ omi kan síbẹ̀, á sì tì í padà. Ní àràárọ̀ ó ń wò ó bóyá omi ti lọ sílẹ̀. Tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, á gbé abọ́ náà jáde lọ́jọ́ náà gan-an, kí igi má bàa jẹrà. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, mo sì gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Eyín dúdú kan dákẹ́ láti ìgbà náà, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́. Kò lù mí. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní kí n máa tẹ eyín tó kú náà, kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Lẹ́yìn ó ní: "Kò bínú sí ẹ. Ó kàn gbẹ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò ó ni."

Orin tó fẹ́ràn jù wà nínú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti já kí n tó mọ̀ ọ́n kà, nítorí náà n kò mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ títí di òní. Orin alẹ́ ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ló kọ wọ́n ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, orin píánò nìkan, tí kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tí mo dé yunifásítì, mo wá ìwé tó sọ nípa wọn. Ohun tí mo kà níbẹ̀ ni pé orin yàrá àlejò ni, pé àwọn ọmọbìnrin olówó tó ń dúró de ọkọ ni wọ́n kọ ọ́ fún, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé yẹn, n kò rò pé ó ti tẹ orin náà rí.

Nínú orin náà, ọwọ́ ọ̀tún ló ń kọrin, bí obìnrin tó ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ọwọ́ òsì ló ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Ó ń fò láti ìsàlẹ̀ pátápátá wá sí àárín, ó tún ń padà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ mọ̀ pé ó rẹ òun. Ibi tó le jù nínú rẹ̀ ni ibi tó rọ̀ jù. Màmá ní kí n máa tẹ eyín kan sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ débi pé kò ní dún rárá. Ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ nìyẹn. Ìka á máa gbọ̀n, èjìká á máa dun èèyàn, ìró kankan kò sì gbọ́dọ̀ jáde. Tí mo bá ráhùn, ó ní: "Kó o gbá a ò le. Ọmọ ọwọ́ lè gbá a."

Ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Bàbá Ọláìítán pẹ́ ju ọjọ́ orí mi lọ. Bàbá Ọláìítán ni olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, akọ̀wé ìjọba ni, òun ló sì ń tẹ dùrù. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń kan ìṣó. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí ibà mú un, Màmá bá a tẹ̀ ẹ́, nígbà tí wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ Olúwa lọ́wọ́, ó rọra ti orin alẹ́ rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Bàbá Ọláìítán. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó dá wa dúró lẹ́nu géètì.

"Ìyá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n orin tẹ́ ẹ fi sí i yẹn, orin obìnrin ni. Ó ń káàárẹ̀."

"Ọkùnrin ló kọ ọ́."

"Haba! Ọkùnrin wo ló máa kọ irú ìyẹn?"

"Ọkùnrin tí àyà ń dùn ún, tí kò sì fi pa mọ́."

Mo rò nígbà náà pé ó kàn fi pa á lẹ́nu mọ́ ni.

Ní ọdún tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ tí gbogbo wa padà wálé, mo ti pé ọmọ ogún ọdún. Ọyẹ́ ọdún yẹn le, kò sí epo, kò sì sí iná lọ́pọ̀ ọjọ́. Ní gbogbo àsìkò náà, ọwọ́ òsì nìkan ni Màmá ń kọ́ mi. Mo ti mọ orin díẹ̀ tí mo lè fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ìwé wọ̀nyẹn lọ́wọ́ mi. Orin alẹ́ náà nìkan ni, ojú ìwé mẹ́rin, ọwọ́ òsì. Mo rò pé ó ń bá mi wí nítorí nǹkan tí n kò mọ̀. Alhaja Sàfúrà, tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ tiwa, ké sí i láti òdìkejì pé, "Màmá Píánò, ọmọ yìí ti ń gbẹ́ kànga látàárọ̀, omi ò tíì dé?" Nígbà tí ó sú mi, mo béèrè lọ́wọ́ Màmá ìgbà tí màá kọ́ ọwọ́ kejì. Kò gbé ojú kúrò nínú ìwé. "Ọwọ́ ọ̀tún ò sá lọ."

Níwọ̀n bí etí mi ti wà lára ọwọ́ òsì nìkan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ti Màmá náà. Tó bá ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án, ìró ìsàlẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé. Nígbà mìíràn kò ní dé rárá. Mo rò pé làkúrègbé ni. Ṣùgbọ́n làkúrègbé ìka á yọ ọ́ lẹ́nu níbi gbogbo, èyí sì jẹ́ níbi tó ti ní láti na apá jìnnà nìkan. Mo wá rí i pé apá òsì rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́, bí ẹni tó há nǹkan mọ́ abíyá. Mo sọ ohun tí mo rí fún un.

Ó pa píánò dé. Ó mú ọwọ́ mi, ó tì í bọ abẹ́ bùbá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú, níbi tí abíyá ti bẹ̀rẹ̀. Ó le bíi kóró àgbálùmọ̀, ó sì tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. N kò tíì fọwọ́ kan ara rẹ̀ báyẹn rí. Mo bi í bóyá ó ti pẹ́. Ó ní kò pẹ́.

Ìgbà yẹn ló sọ fún mi nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n gé ọmú rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí, kò lè fi wé gèlè mọ́ títí ó fi kú, kò sì pẹ́ tó fi kú. "Wọ́n mú ọmú, wọ́n mú apá, wọ́n tún wá mú òun náà lọ." Bàbá Ọláìítán ti gbà níkẹyìn pé kó tẹ orin rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi àwọn obìnrin, ní oṣù keje. Màmá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ tútù. Ẹ̀rù ń bà á, mo rí i. "Kí n tẹ̀ ẹ́ já lẹ́ẹ̀kan, Àṣàkẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n mú ohun tó bá wù wọ́n."

Mo ṣèlérí. Kò sí ẹni tó fipá mú mi, n kò sì lè sọ pé ọmọdé ni mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní jẹjẹrẹ. Mo mọ̀ pé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo pa ẹnu mọ́ láti ìgbà ọyẹ́ títí ooru fi dé, mo ń bu omi sínú abọ́ píánò láràárọ̀, mo ń gbẹ́ kànga mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò àkọ́kọ́ ń ṣú, mo ń fọ aṣọ, mo rí ẹ̀jẹ̀ àti omi ara lára ṣìmí rẹ̀. Mo sọ fún bàbá mi kó tó bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Ìgbà wo lo ti mọ̀?" Mo ní láti ìgbà ọyẹ́. Ó wọlé lọ. Kò tún bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́ láti ìgbà náà.

Dókítà tó rí i nílé ìwòsàn ńlá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ó sì fara balẹ̀. Ó pe bàbá mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì tẹ̀ lé wọn. Ó ní wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ó ti ràn. Ó ní ká ní wọ́n ti gbé e wá ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, ó ṣeé ṣe kó yàtọ̀. Mo ti yẹ "ó ṣeé ṣe" yẹn wò láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Kò sọ pé yóò yàtọ̀. Kò sì sọ pé kò ní yàtọ̀. Nígbà tí mo padà sínú yàrá, Màmá ti mọ ẹni tó sọ ọ́. Kò pariwo. Ó ní, "O pẹ́ jù, Àṣàkẹ́." Ó yí ojú sí ògiri. "O sì tún yá jù."

Èyí àkọ́kọ́ yé mi. Mo rò pé ìbínú ló sọ èkejì.

Wọ́n gé ọmú òsì. Apá náà wú gẹ́gẹ́ bó ṣe bẹ̀rù rẹ̀, ó sì ń fi gèlè so ó kọ́ ọrùn. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ Ìsinmi àwọn obìnrin, Bàbá Ọláìítán wá kí i. Ó jókòó, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún. Mo gbà pé àánú ló gbé e wá.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́. Mo ti ń kọ́ ọ nílé. Kò rọrùn."

"Ẹ ti rí i báyìí?"

"Mo ti rí i, Mà."

"Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì mi wà nílé." Ó fi àgbọ̀n júwe mi.

Ọmọlanke ló tún gbé píánò náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò ju ilé mẹ́rin lọ sí tiwa. Àwọn obìnrin ìjọ ti fi aṣọ ránṣẹ́ pé kó fi di ẹ̀gbẹ́ òsì bùbá rẹ̀ kó lè dọ́gba. Ó dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọlé, ẹ̀gbẹ́ kan pẹlẹbẹ, lójú gbogbo èèyàn. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, òun lọ́wọ́ ọ̀tún, èmi lọ́wọ́ òsì, itan wa kan ara wọn. Ó kọrin, mo rìn lábẹ́ rẹ̀. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Níbi tó bá fẹ́ falẹ̀, ìmí rẹ̀ á kọ́kọ́ falẹ̀, èmi náà á sì dúró dè é. Ojú ìwé mẹ́ta péré ni mo mọ̀. Iṣẹ́ abẹ ti dé kó tó kọ́ mi ní ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní okun láti kọ́ni. Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo gbé ọwọ́ mi kúrò, mo fi sí itan.

Kò dúró. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń lọ nìkan, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ mọ́, tínrín, ó ń lọ títí ó fi dé òpin. Alhaja Sàfúrà, tó wá jókòó sẹ́yìn nítorí rẹ̀, fi ìborùn nu ojú. Bàbá Ọláìítán wá bá wa, ó ní òun kò tíì gbọ́ nǹkan tó dà bí ìparí yẹn rí, ó sì béèrè ta ló rò ó bẹ́ẹ̀. Màmá ń fi ọwọ́ tó dára pa píánò dé. "Ibi tó dùn mọ́ yín yẹn, Bàbá Ọláìítán, ibi tó kù ni."

Ó kú nígbà tí ọyẹ́ tún dé. Mi ò ní kọ púpọ̀ nípa oṣù méjì tó ṣáájú rẹ̀. Ó ti wọ egungun. Oògùn tó lè pa irú ìrora bẹ́ẹ̀, bàbá mi wá a káàkiri ìlú, kò rí i. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè. Ìyá rẹ̀, tó ti kú ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ló ń pè. Ẹni tó ní jẹ́jẹ́ ni kò sí níbẹ̀, ẹni tó ní akọni ni náà kò sí níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní ọkàn ọkùnrin ló wà nínú rẹ̀, màá fẹ́ mọ ọkùnrin tó ní lọ́kàn. Lọ́jọ́ kan tí ìrora náà fúyẹ́ díẹ̀, ó bi mí bóyá omi wà nínú píánò. Mo ní ó wà. "Ó dáa," ló wí, n kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tó yé mi lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, mo ṣí ìwé orin náà. N kò tíì wo ẹ̀dà tirẹ̀ dáadáa rí. Ẹ̀dà tó fi ọwọ́ kọ fún mi ni mo fi ń kọ́ṣẹ́, òun náà ni mo sì gbé dání ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú tirẹ̀, ó ti fi pẹ́ńsùlù ṣe òrùka kékeré yí àwọn ìró ọwọ́ òsì kan ká, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó jìnnà jù. Ó máa ń kọ ìgbà sí ẹ̀gbẹ́ ohunkóhun tí ọwọ́ kò bá tó, bó ṣe ń ṣe nínú ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo ka ohun tó kọ sí òrùka àkọ́kọ́. Kì í ṣe ọyẹ́ ọdún tí àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ọyẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni, ọdún kan gbáko kó tó mú ọwọ́ mi bọ abẹ́ bùbá rẹ̀. "Kò pẹ́," ló sọ fún mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka náà, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù kan náà, ó kọ: Àṣàkẹ́.

Òrùka kọ̀ọ̀kan ní orúkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti mọ ohun tó máa pàdánù, ó sì ti pín in fún mi kí n tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é.

Mo ti gbìyànjú láti mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí ẹ̀bi mi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi pa ẹnu mọ́. Òun pa á mọ́ fún ọdún kan gbáko kó tó kàn mí. Ó dín ẹ̀bi náà kù. Kò pa á rẹ́, torí oṣù mẹ́rin náà wà nínú oṣù mẹ́fà dókítà. Bàbá mi ka ìwé náà, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. N kò mọ̀ bóyá ìdáríjì nìyẹn.

Ojú ìwé kẹrin kò ní òrùka. Lókè rẹ̀, ó kọ: Àṣàkẹ́ kò tíì dé ibí. Ìgbà yẹn ni "O sì tún yá jù" yé mi.

Mo ti dé ibẹ̀ báyìí. Ó gbà mí ní gbogbo ọyẹ́ kan, kò sì sí ẹni tó kọ́ mi. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo ń tẹ̀, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, mo sì ń jókòó sí apá òsì bẹ́ǹṣì.